Ọmọ Tí Wọ́n Jù sí Ààtàn Pasar Randu

Ọjọ́ tí Wagiyem sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, ìyá náà kò bèèrè iṣẹ́ ọmọkùnrin náà, kò sì bèèrè ilé bàbá rẹ̀. Orúkọ nìkan ló bèèrè.

"Pairan ni," ni Wagiyem wí.

Mbok Sinah, ìyá rẹ̀, gbé ọmọ odó tó fi ń gún ata ilẹ̀ pupa kalẹ̀. "Tún un pè kí n gbọ́."

"Pairan, Mbok. Agbẹ́bàtà igi tó máa ń jókòó sí ìdí àràbà."

"Mo gbọ́ tèmi. Ṣé ìwọ náà gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ ń sọ?"

Wagiyem gbọ́. Ta ni kò ní í gbọ́ nílùú Solo? Ọjọ́ ọjà márùn-ún ló wà, Legi, Pahing, Pon, Wage, Kliwon, ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ló sì ń fi ọjọ́ tí wọ́n bímọ sọ ọmọ lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Abọ́sẹ̀dé. Ọjọ́ Wage ni wọ́n bí Wagiyem. Ọjọ́ Pahing ni wọ́n bí Pairan. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọmọ Wage kì í bá ọmọ Pahing sùn lórí ẹní kan náà. Bí wọ́n bá sùn ún, ikú á mú ọ̀kan nínú wọn ní kékeré, tàbí kó máa kó ọmọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe òfin ìjọba, kì í sì í ṣe òfin àfáà, ṣùgbọ́n ó le ju méjèèjì lọ.

"Jókòó," ni ìyá rẹ̀ wí. Wagiyem jókòó. "Ọjọ́ wo ni wọ́n bí èmi?"

"Kliwon."

"Irọ́ ni. Irọ́ tí èmi àti bàbá rẹ jọ pa nìyẹn ká lè fẹ́ ara wa. Pahing ni mí. Wage ni òun. Ọdún mélòó la lò pọ̀?"

"Mẹ́fà."

"Ọdún mẹ́fà. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó gbé àpò ìrẹsì lówùúrọ̀, tó di òkú ní ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo pa á, Yem. Ìfẹ́ ni mo fi pa á. Má wá fi tìrẹ pa ọmọ ọlọ́mọ."

Ó gbé ọmọ odó rẹ̀, ó ń gún ata ilẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ tí Wagiyem ti dáyé, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé kì í ṣe pé ó wá ọkùnrin kiri. Àgbo ló ń kiri. Ní gbogbo àárọ̀, kí ojú tó mọ́ dáadáa, á ti gbé agbọ̀n ìgò mẹ́jọ sẹ́yìn, á fi aṣọ gbà á lọ́já bí ẹni pọnmọ, á sì wọ Pasar Randu. Ìdí àràbà ni wọ́n dá ọjà náà sí, àràbà ọ̀hún sì wà láàárín gbàgede títí di ọjọ́ tí à ń wí yìí, ìtí rẹ̀ tóbi tó yàrá. Àwọn obìnrin tó ru ẹ̀fọ́ wá láti oko á ti tẹ́ní sí ibi gbòǹgbò rẹ̀, àwọn alákàrà á ti dáná, àwọn aláàárù obìnrin á ti máa sáré pẹ̀lú ẹrù tó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, òwú àràbà á máa já bọ́ sórí gbogbo wọn, sínú ọbẹ̀, sínú irun, ẹnikẹ́ni kì í sì í bínú sí i.

Mbah Karto, ìyá arúgbó tó ń ta òdòdó tí wọ́n ń gbé lọ sí ibojì, ló mọ ìtàn ọjà náà jù. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ márùn-ún ni wọ́n ń ná an, kò sí ògiri, kò sí òrùlé. Àwọn Òyìnbó Dutch ló wá mọ ògiri, tí wọ́n fi páànù bò ó, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sára òpó. Àwọn ará Japan dé, wọ́n ṣí páànù náà lọ fi ṣe nǹkan ogun, oòrùn sì pa àwọn ọlọ́jà fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí òmìnira dé, àwọn ọlọ́jà dáwó fúnra wọn, wọ́n fi amọ̀ sísun bo orí ara wọn. "Ìjọba mẹ́ta ló ti gba owó ọjà lọ́wọ́ mi," Mbah Karto á máa wí, "ẹnì kankan nínú wọn kò ra òdòdó rí."

Ibẹ̀ ni Pairan jókòó sí, ẹ̀gbẹ́ ìyá arúgbó yìí, ìdí nílẹ̀, tó ń gbẹ́ bàtà igi. Wagiyem ti kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ fún oṣù méje kó tó bá a sọ̀rọ̀.

"Ọmọge alágbo, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ ti ń ṣẹ̀jẹ̀ láti àná."

Wagiyem dúró. "Ẹsẹ̀ mi lẹ ń wò?"

"Níbi tí mo jókòó sí yìí, kí ni mo tún fẹ́ rí? Ó pé oṣù méje tí mo ti mọ ẹsẹ̀ rẹ. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè."

"Kí lẹ wá rí lókè?"

"Ojú ẹni tí kò ní í gba bàtà ọ̀fẹ́."

"Ẹ mọ ojú kà."

"Nígbà náà, jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀. Fún mi ní àgbo."

Wagiyem mọ̀ọ́mọ̀ mú ìgò tó korò jù nínú agbọ̀n, èyí tí àwọn oníbà ń mu, ó bu ife kan kún, kò fi ṣúgà ọ̀pẹ sí i. Pairan gbé e mu tán láìmí. Omijé lé sí i lójú.

"Ó dùn," ló wí.

"Irọ́ ni."

"Irọ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o padà wá lọ́la."

Mbah Karto rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Wagiyem náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ja, ó rí i pé òun ti ń rẹ́rìn-ín nìkan.

Ó padà wá lọ́la. Ó padà wá lọ́túnla. Pairan fi òwú wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì yára kúrò níbẹ̀. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá lójoojúmọ́, lójú gbogbo ọjà, kí Wagiyem tó lọ sọ orúkọ yẹn fún ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá rẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀ gba ìdí àràbà mọ́. Ó ń gba ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń pa adìyẹ. Mbok Sinah sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ fún un. Ó rí Darmo, akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń bó ìrẹsì, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí wọ́n bí ní ọjọ́ Kliwon. Wọ́n ṣírò ọjọ́ tirẹ̀ mọ́ ọjọ́ ti Wagiyem, ó bára mu. Àwọn ẹbí Darmo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ mọ́ra wá, wọ́n ní kí wọ́n dá ọjọ́ lẹ́yìn ìkórè.

Mbah Karto ló ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Á rìn lọ síbi àwọn apadìyẹ bí ẹni pé ó fẹ́ ra ìyẹ́.

"Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun kò sùn."

"Ẹ sọ fún un pé èmi náà kò sùn."

"Èmi tí mo ń sùn ni ẹ wá ń rán níṣẹ́," ni ìyá arúgbó náà wí. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́, ọmọ yìí. Ọ̀nà kan wà. Wọ́n ti ṣe é fún ẹ̀gbọ́n mi rí. Bí ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ bá burú, ìyá rẹ̀ á gbé e jù sí ààtàn, á sọ lójú ẹlẹ́rìí pé òun kọ́ ló bí i. Ẹlòmíràn á he é ní ọjọ́ tó dára, á sọ ọ́ lórúkọ ọjọ́ náà. Ó di ọmọ tuntun. Pairan kú nìyẹn, Legiman ló dáyé. Wage àti Legi kò ní ìjà, bí ìyá tó jù ú kò bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á padà."

"Ṣé ìyá mi á gbà?"

"Sinah á gbà. Ẹ̀rù ikú ló ń bà á, kì í ṣe ẹ̀rù ọmọ náà. Ti Rebi ni kí o máa rò."

Rebi ni ìyá Pairan. Ìrọ̀rí ló ń tà. Òwú àràbà ló ń ṣà, tó ń yọ kóró inú rẹ̀, tó ń kì í sínú aṣọ. Nígbà tí Mbah Karto bá a sọ ọ́, ó ń kì òwú rẹ̀ lọ. Nígbà tí Pairan fúnra rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, tó ní, "Mbok, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ọmọ yín náà ni màá máa jẹ́," ó fi ìbínú dá a lóhùn pé ẹni tí kò bímọ rí ló ń pe ọ̀rọ̀ ẹnu ní lásán.

Ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀. Wagiyem wọ bàtà igi tí Pairan gbẹ́ fún un, ó lọ bá Mbok Rebi nílé ní ọ̀sán gangan. Ó bá a níbi tó jókòó sí láàárín òwú, òwú lórí, òwú ní ìpéǹpéjú.

"Ìwọ ni," ni Mbok Rebi wí, kò gbórí sókè.

"Èmi ni, Mbok. N kò wá bẹ̀ yín pé kí ẹ ju ọmọ yín nù."

"Ẹni tó gbé àwo dání dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, tó ní òun kò wá tọrọ ọbẹ̀, kí ló wá ṣe?"

Wagiyem kúnlẹ̀ láàárín òwú.

"Ọmọ márùn-ún ni mo bí," ni ìyá náà ń sọ lọ. "Òun nìkan ló kù. Àwọn ará Japan kó bàbá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ojú irin, eegun rẹ̀ kò padà wálé. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù nílé ayé tó lè pè mí ní ìyá tí kì í ṣe ẹ̀tàn. Kí n wá fi ẹnu ara mi sọ pé n kò bí i?"

"Mo mọ̀, Mbok. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá. Mo fẹ́ sọ fún yín pé màá fẹ́ Darmo. Kí ọkàn yín balẹ̀."

Ọwọ́ Mbok Rebi dúró nínú òwú. Ó wo ọmọbìnrin náà fún ìgbà àkọ́kọ́. "Pairan ti gbọ́?"

"Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún."

"O kò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé n kò fẹ́ kó jẹ́ èmi ló máa gbà á lọ́wọ́ yín."

Mbok Rebi padà sí òwú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Máa lọ sílé." Wagiyem sì lọ, ó ń sunkún lójú ọ̀nà láìbo ojú, torí ó gbà pé ó ti parí.

Ọjọ́ kẹta ni Mbah Karto dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Mbok Rebi gbà. Ó ní bí ọmọ òun bá dúró ti òun, tí ọkàn rẹ̀ sì ti kú, òkú ni òun ń fi ṣe ọmọ. Ṣùgbọ́n ó ní bí òun bá ti ṣe é, òun á ṣe é délẹ̀délẹ̀. Kò ní í sí wíwá jẹun lọ́dọ̀ òun, kò ní í sí pípe ara ẹni ní ìyá àti ọmọ ní kọ̀rọ̀. Mbok Sinah náà gbà, ó sì rán ẹni lọ bẹ àwọn ẹbí Darmo.

Ọjọ́ Legi tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe é, ní àfẹ̀mọ́júmọ́, lórí ààtàn tó wà lẹ́yìn Pasar Randu. Àwọn ọlọ́jà bí ogún ló dúró wò ó. Pairan, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, dùbúlẹ̀ lórí ẹní àkísà láàárín èèpo àgbọn àti ìyẹ́ adìyẹ. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó tilẹ̀ ṣẹ́jú sí ìyá rẹ̀.

Mbok Rebi fi ìgbálẹ̀ gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. "Ọmọ yìí kì í ṣe tèmi," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "N kò bí i. N kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá rí i kó máa mú un lọ."

Bàbá kan, Pak Wiryo, tó ń ta ọkọ́ àti àdá, tí kò bímọ, fà á dìde. "Mo he ọmọ lónìí ọjọ́ Legi. Legiman ni mo sọ ọ́."

Nígbà tí Wagiyem máa fi wo ẹ̀yìn, Mbok Rebi ti mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó ti ń lọ sí ìsọ̀. Kò wẹ̀yìn.

Ìyá ọkọ kò sí níbi ìgbéyàwó. Ìrọ̀rí méjì tí wọ́n tẹ́ fún ìyàwó àti ọkọ, òun ló kì wọ́n. Mbah Karto lọ gbà wọ́n, Mbok Rebi sì kọ̀ jálẹ̀ títí ìyá arúgbó náà fi sanwó wọn, kó má baà di ẹ̀bùn ìyá. Ọjọ́ kẹta ìgbéyàwó, ọkọ Wagiyem gba ìsọ̀ ìrọ̀rí lọ, ó fẹ́ jẹun lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Nígbà tó dé ilé, ó fi í ṣe àwàdà.

"Mo ní, 'Mbok, ebi ń pa mí.' Ṣé o mọ ohun tó sọ? Ó ní, 'Ìrọ̀rí wo lẹ fẹ́ rà?' Mo ní, 'Mbok, èmi ni, kò sẹ́ni tó ń wò wá.' Ó ní, 'Ìrọ̀rí wo lẹ fẹ́ rà, Mas Legiman?'" Ó rẹ́rìn-ín. "Yem, ìyá mi ń fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀, ó ń pè mí ní Mas bí ọkùnrin àjèjì."

Ẹ̀rín náà kò parí. Ó yíjú sí ògiri. Wagiyem di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun ti ṣe.

Síbẹ̀, inú wọn dùn. Ẹni tó bá sọ pé inú wọn kò dùn ní ọdún méjì àkọ́kọ́ yẹn, irọ́ ló pa. Wọ́n gba yàrá kan lẹ́yìn ọjà, wọ́n bí ọmọkùnrin kan, àwọn ará ilé sì ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ẹ̀yìn ògiri. Mbok Sinah ti ń rìn pẹ̀lú ìgbéraga ìyá àgbà.

Ọmọ náà ti ń rákòrò nígbà tí kẹ̀kẹ́ akọ màlúù kan tí wọ́n kó àgbọn sí já okùn ní gbàgede ọjà, tó ń yí padà sẹ́yìn lọ sí ìdí àràbà. Legiman kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń gbẹ́ igi. Àwọn ènìyàn ń pariwo, ariwo ọjà sì ni kò jẹ́ kó gbọ́. Mbok Rebi rí i láti ìsọ̀ rẹ̀.

"Pairan!"

Orúkọ yẹn ló gbọ́. Ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ náà sì fọ́ àpótí iṣẹ́ rẹ̀ wómúwómú. Ìyá àti ọmọ wo ara wọn láàárín ọjà, gbogbo ọjà sì dákẹ́, torí gbogbo wọn ló gbọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ọmọ wọn kú. Ìgbẹ́ gbuuru ni, ọjọ́ méjì péré.

Mbok Sinah kò sunkún. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Rebi pè é. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á padà."

Wagiyem mọ̀ pé ọmọ méje ló kú ní àdúgbò wọn láàárín oṣù náà, tí gbogbo wọn ń mu omi kànga kan ṣoṣo. Ó dúró kí ọkọ rẹ̀ lè jẹun díẹ̀ kó tó sọ ọ́.

"Mas, ọmọ méje. Ta ló pe orúkọ tiwọn?"

"Àwọn méje yẹn, n kò mọ ohun tó pa wọ́n," ni Legiman dáhùn. "Tèmi, mo mọ̀."

"Ẹ̀mí yín ló gbà là."

"Mo mọ ìyẹn náà. Má sọ ọ́ mọ́, Yem."

Mbok Rebi kó ìrọ̀rí rẹ̀ kúrò ní iwájú, ó lọ gba ìsọ̀ ní ìkángun ọjà níbi tí kò ti lè rí ìdí àràbà. Kò wá kí wọn kú ọ̀fọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ Wagiyem bá rí i lókèèrè, á yà gba ọ̀nà mìíràn. Ọkùnrin tó pe ọ̀rọ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, òun ló wá di ẹ̀wọ̀n fún jù.

Wọ́n bí Lasmi lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀. Wagiyem ń gbé àgbo lọ sí ìkángun ọjà ní àràárọ̀, ọmọ ń tẹ̀ lé e. Mbok Rebi á mu ife tirẹ̀, á sanwó. Á wo ọmọ náà títí, kò sì ní í fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ kan Lasmi di ìró rẹ̀ mú. Ìyá náà rọra tú ìka ọmọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Tọ ìyá rẹ lọ, ọmọ ọlọ́mọ." Ojú Wagiyem kò gbé e. Lọ́pọ̀ ìgbà ló rò ó pé kí òun sọ fún ọkọ òun pé ó tó. Ṣùgbọ́n bí Lasmi bá ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí ó rí bí ojú Legiman ti ń rí, á gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ẹ̀rù ń ba òun náà díẹ̀. Òtítọ́ ni. Ó sin ọmọ kan rí.

Ọdún mẹ́rìnlá kọjá báyìí. Ìjọba wá sọ pé àwọn máa wó Pasar Randu, àwọn máa fi kọ́ńkéré kọ́ tuntun alájà méjì. Mbah Karto ti kú nígbà náà, kò rí ìjọba kẹrin tó gba ọjà náà. Wọ́n wó ògiri àwọn Dutch, wọ́n kó amọ̀ sísun tí àwọn ọlọ́jà dáwó rà dànù. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi gé àràbà náà. Wọ́n kó àwọn ọlọ́jà lọ sí pápá ẹ̀bá ọ̀nà ojú irin, wọ́n ní ẹni tó bá ní ìwé ló máa gba ìsọ̀ nígbà tí ilé tuntun bá parí. Mbok Rebi kò ní ìwé. Kò tún sí òwú tí yóò ṣà.

Àìsàn gbé e ṣánlẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Wagiyem ń lọ wẹ̀ ẹ́, ó ń fún un ní omi ìrẹsì.

"Ṣé ọkọ rẹ ń jẹun dáadáa?" ni obìnrin náà á bèèrè.

"Ó ń jẹun, Mbok."

"Ikọ́ tó ń wú nígbà òjò ńkọ́?"

"Ó ti fi í sílẹ̀."

"Ó dára." Á sì yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Kò sọ pé kí ó wá. Kò sì yé wo ẹnu ọ̀nà.

Wagiyem délé, ó bá ọkọ rẹ̀ wíjọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láìrẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó ń kú lọ, Mas. Ẹ dìde ká lọ."

"Bí mo bá lọ, tí nǹkan ṣe Lasmi ńkọ́?"

"Bí ẹ kò bá lọ, tí nǹkan ò ṣe é ńkọ́?"

"Ìwọ ò gbọ́ orúkọ yẹn bí mo ṣe gbọ́ ọ," ni Legiman wí. "Mo gbọ́ ọ, inú mi sì dùn. Nǹkan tó dùn mọ́ mi jù láti ọjọ́ tí mo ti dáyé nìyẹn. Ọjọ́ kẹsàn-án, mo gbẹ́ sàréè. N kò tún lè ṣe é, Yem. Má fipá mú mi."

Kò fipá mú un. Mbok Rebi kú ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Wagiyem nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọlọ́jà àtijọ́ péjọ sí ojúde ilé rẹ̀. Legiman wá, ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́yìn láàárín àwọn ẹlẹ́ran, gẹ́gẹ́ bí ará ọjà. Wọ́n gbé òkú jáde lórí pẹpẹ tí wọ́n fi ń ru òkú, ọkùnrin mẹ́rin gbé e sókè dé èjìká kí àwọn ọmọ olóògbé lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, bí àṣà.

Àfáà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta ni ẹbí rẹ̀ níbí?"

Àwọn ọkùnrin mẹ́rin náà ń làágùn lábẹ́ òkú. Ẹnì kan sọ jẹ́jẹ́ pé, "Kò bímọ, Pak. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ó bímọ," ni Wagiyem wí.

Mbok Sinah gbá a lápá mú. "Yem, nítorí Ọlọ́run. Nítorí Lasmi."

Wagiyem yọ apá rẹ̀. Ó fa Lasmi lọ́wọ́. "Ìyá ọkọ mi ni," ló wí, tí gbogbo wọn gbọ́. "Ìyá àgbà ọmọ mi ni." Ó tẹrí ba, òun àti ọmọ rẹ̀ gba abẹ́ òkú náà kọjá, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí wọ́n yọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó wo ibi tí ọkọ rẹ̀ dúró sí. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Kò kúrò níbi tó wà. Wọ́n gbé òkú lọ sí itẹ́ òkú, kò tẹ̀ lé wọn.

Wọn kò jà nílé. Bóyá ìbá sàn kí wọ́n jà. Legiman bèèrè oúnjẹ, Wagiyem gbé e fún un. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọkọ rẹ̀ á dìde lóru láti fọwọ́ kan iwájú orí Lasmi bóyá ó gbóná. Ó ń dúró de ikú náà. Wagiyem mọ̀ pé ó ń dúró dè é, ó sì bínú sí i fún un, ó tún ṣàánú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ náà sì ń dúró.

Ikú náà kò wá. Lasmi pé ogún ọdún. Ó lọ sílé ọkọ. Ó bímọ mẹ́ta, gbogbo wọn yè. Mbok Sinah darúgbó kùjọ́kùjọ́ kó tó kú, lójú oorun.

Ọdún kejìdínlógún lẹ́yìn ìsìnkú yẹn, tọkọtaya náà jókòó lórí àtẹ̀gùn kọ́ńkéré ọjà tuntun ní ọ̀sán kan. Kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà igi mọ́. Legiman ń tún agboòrùn ṣe. Ó gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Yem. Kò sí ohun tó ṣe ọmọ yẹn."

"Kò sí, Mas."

"Ìwọ àti òun gba abẹ́ òkú. O pe obìnrin náà bó ti jẹ́, lójú gbogbo ayé."

"Mo pè é."

"Ọdún méjìdínlógún." Ó na ọwọ́ sí agboòrùn náà, ó tún fi í sílẹ̀. "A jẹ́ pé mo lè lọ nígbà náà. Lọ́jọ́ tó ń kú. Mo lè lọ."

Wagiyem mọ irọ́ tó yẹ kí aya sọ. Ó lè sọ pé bóyá nítorí pé kò lọ ni ọmọ fi yè. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ọkùnrin tó ti fẹ́ràn láti ọmọ ogún ọdún, kò sì lè pa irọ́ náà fún un.

"Ẹ lè lọ," ló wí. "Ó sì retí yín."

Legiman mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ iye ọjà fún. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ohun tí kò bèèrè rí, apá ibo ni sàréè náà wà nínú itẹ́ òkú. Wagiyem ṣàlàyé rẹ̀ fún un: ẹ yà sí ọ̀tún, lẹ́yìn ògiri, ìlà kẹfà, kò ní òkúta. Ó fẹ́ dìde láti mú un lọ.

"Má wulẹ̀ dìde," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Jẹ́ kí n dá lọ."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà, ọwọ́ lára ògiri, ó sì wọ àárín èrò ọjà. Wagiyem dúró níbẹ̀, ó ń wò ó títí kò fi rí i mọ́.